Omi tí Ọ̀tún Fi Wẹjú

Ìkà ni mo ṣe jẹun. Mo ti lé ọmọ ọba kúrò lórí ìtẹ́, mo ti fi májèlé sínú ẹmu àbúrò mi, mo ti ta odidi ìlú fún ọ̀tá nítorí oyè, mo sì ṣe gbogbo rẹ̀ lójú àwọn ènìyàn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Bí mo bá ṣe é tán, n óò wẹjú, n óò sì lọ sílé lọ jẹ ẹ̀bà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló yẹ kí ẹ kọ́, n kò ní sọ pé kí ẹ wá ṣe tèmi. N óò kàn ròyìn bó ṣe rí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán tó ṣì fẹ́ ẹ, a jẹ́ pé orí rẹ̀ ló yàn án.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ló yẹ kí n ṣe. Oyèníran aránṣọ ni bàbá mi, ní Ẹdẹ níbí. Òun ló ń rán ẹ̀wù àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ni mo sì máa ń bá a fi bọ́tìnnì sí i. Ọ̀gá Jósáyà, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló kó ẹgbẹ́ òṣèré jọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà ìkórè nìkan ni wọ́n ń ṣeré; nígbà tó yá, àwọn ìlú míì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan bàbá mi ní kí n kó aṣọ eré lọ fún wọn níbi ìdánrawò. Ẹni tó yẹ kó ṣe ìkà kò wá lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá wò mí títí, wọ́n ní kí n kọjú sí ìkòkò omi kan tó wà ní igun ilé, kí n máa wò ó bí ẹni pé ó jókòó sí ipò bàbá mi. Mo wò ó. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́la. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn. Ní ti owó, ohun tí wọ́n ń fún wa kò ju kí a má fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ, ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ọba rere ni mo fẹ́ ṣe. Kò sí ẹni tí kì í fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n Jóẹ́lì ló ń ṣe ọba. Ó pupa, eyín rẹ̀ funfun, bó bá ń kọrin, àwọn ìyá á máa nu ojú. Èmi dúdú ní tèmi, ojú mi jìn sínú, n kì í sì í tètè rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá Ọ̀gá, mo ní bí mo bá ṣe ìkà dáadáa fún ọdún kan, ṣé wọn óò jẹ́ kí n ṣe ọba. Wọ́n ní bí mo bá ṣe ìkà dáadáa fún ọdún kan, n kò ní bèèrè mọ́. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ padà sídìí bọ́tìnnì. Ìyá mi ló bẹ̀ mí, ó ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ ni.

Ẹni bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Oṣù mẹ́ta gbáko ni n kò fi sọ ọ̀rọ̀ kan lórí ìtàgé. Ọ̀gá rán mi lọ máa jókòó ní kóòtù ìbílẹ̀, wọ́n ní kí n wo àwọn tó gba ilẹ̀ onílẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní mo wá ròyìn pé ọkùnrin náà ń pariwo, ó ń nàka, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Wọ́n ní kí n padà lọ, pé ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo wò. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí ẹni tó yẹ kí n rí. Ó wọ bùbá funfun tó mọ́ kedere, ó kí akọ̀wé, ó bèèrè ọmọ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Nígbà tó dórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ó dá a lójú hán-ún pé òun gan-an ni wọ́n rẹ́ jẹ. Nígbà tí mo ròyìn èyí, Ọ̀gá pa ìwé ọwọ́ wọn dé.

"Kò sí ìkà kan láyé yìí tó mọ̀ pé ìkà lòun," ni wọ́n wí. "Bí o bá jáde, ìkà kọ́ lò ń ṣe, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lò ń ṣe. Jẹ́ kí àwọn òǹwòran fi ojú ara wọn rí ìyókù."

Wọ́n le. Bí mo bá rẹ́rìn-ín ìkà, irú ẹ̀rín kà-kà-kà tí àwọn òṣèré míì máa ń rín, wọ́n á bèèrè bóyá eegun ẹja ló há mi lọ́fun. Bí mo bá pariwo, a óò tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Wọ́n á lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní òdìkejì pápá ilé-ẹ̀kọ́, èmi á dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, n óò máa sọ ọ̀rọ̀ mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìgbà tí wọn kò bá ti gbọ́, wọ́n á ká fìlà sókè, mo sì gbọ́dọ̀ tún un sọ láìgbé ohùn sókè. Ọjọ́ kan wà tí fìlà náà lọ sókè tó sì sọ̀ kalẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Mo bú wọn nínú ikùn mi lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo lè fi ohùn tí a fi ń tọrọ iyọ̀ sọ pé kí wọ́n lọ pa ènìyàn, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá á sì gbọ́ ọ.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, nítorí náà Ọ̀gá fúnra wọn ló ń kun ojú mi. Dúdú ìdí ìkòkò ni wọ́n ń fi àdí pò, wọ́n á fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kí ó lè jìn, wọ́n á fi ẹfun fà á lábẹ́ ojú, tìróò á sì tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá ṣe é tán, ìyá tó bí mi á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó pè mí.

Òfin kan wá wà tí wọn kì í fi ṣeré rárá. Bí eré bá parí, kí àwọn ènìyàn tó dìde, wọ́n á gbé àpótí àti abọ́ omi kan sí àárín ìtàgé. Inú ilé ará ìlú náà ni omi gbọ́dọ̀ ti wá, ará ìlú náà ló sì gbọ́dọ̀ gbé abọ́ dání. Ìkà á jáde pẹ̀lú ojú dúdú rẹ̀, á fi ẹnu ara rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ búburú tó sọ padà, á sì fi ọṣẹ wẹjú níṣojú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni yóò dárúkọ ara rẹ̀. Tèmi kì í yí padà: "Èmi ni Sámúẹ́lì, ọmọ Oyèníran aránṣọ, ará Ẹdẹ. Ohun tí ẹ rí, eré ni." Ìgbà náà ni wọ́n tó máa ń pàtẹ́wọ́. Jóẹ́lì máa ń sọ pé omi yẹn ń pa iná eré, pé ó yẹ kí àwọn ènìyàn máa fi orin lọ sílé ni. Èmi náà rò pé àṣejù ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Nígbà tí mo bi Ọ̀gá, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, àti pé ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà kọ́kọ́ wá bí àwàdà. A ṣeré ní Ṣẹ́kọ̀nà, a sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Ìyá alákàrà kan tó ń tajà ní oríta ti dìde kí eré tó parí, ó fẹ́ lọ rẹ ẹ̀wà, kò rí ìwẹjú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí mi ló fi àwo dé agbada. Ó ní àkàrà ti tán, bẹ́ẹ̀ ni èéfín ń yọ lábẹ́ àwo. Mo ní ìyá, eré ni. Ó ní ọmọ tí mo fẹ́ pa lánàá ńkọ́, ṣé ó jí. Jóẹ́lì ló lọ ra àkàrà náà, ìyá yẹn sì fi méjì ṣe ènì fún un nítorí pé ọba ni. Jóẹ́lì fún mi ní ìlàjì, a sì fi ẹ̀rín wọ lọ́rì dé Ẹdẹ.

Ẹ óò bèèrè pé èrè wo wá ni mo rí. Mo ti ń rí i díẹ̀díẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó ń ṣe ọba rere, ó fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun, gbogbo ara rẹ̀ ló sì fi ń bẹ̀bẹ̀. Èmi kò bẹ ẹnikẹ́ni. Bí Jóẹ́lì bá ń kọrin tí èmi sì dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni wọ́n ń wò. Lẹ́yìn náà, oníbìínú ni mí tẹ́lẹ̀, mo ti fọ́ àbúrò ènìyàn lẹ́nu rí nítorí bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe ìkà, gbogbo ìbínú mi ló ń tán sórí ìtàgé, ìyá mi sì sọ pé ilé tòrò. Èrè kékeré kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èrè tí mo fẹ́ràn jù nígbà náà ni ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń wà nígbà tí ẹ̀rù mi bá ba àwọn òǹwòran. Ó dùn mọ́ mi bí oyin. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Eré tó gbajúmọ̀ jù nínú eré wa ni ti ọba kan tó kú tó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀. Èmi ni Ọ̀tún, ìjòyè tó jagun fún ọba náà títí tó fi gbà pé òun ni ìtẹ́ tọ́ sí. Ọ̀tún á wá dúró ti apẹ̀rẹ̀ tí ọmọ náà wà nínú rẹ̀, aṣọ tí a ká ni a ń fi ṣe ọmọ, á sì gégùn-ún fún un. Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá dé ibẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ni kí n wò tàbí kí n wo òkè orí àwọn ènìyàn. Èmi ti rí i ní tèmi pé bí mo bá mú ẹnì kan ṣoṣo nínú òǹwòran, tí mo tẹ ojú mọ́ ọn, gbogbo ibẹ̀ á tutù. Mo ti ń dán an wò ní ìlú bíi mẹ́ta tí Ọ̀gá kò mọ̀.

A lọ sí Awo ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti ṣe é, ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì wà lókè. Nígbà tí mo dórí apẹ̀rẹ̀, mo wá ojú ẹni tí n óò mú. Mo rí obìnrin kan tó jókòó sórí ẹní níwájú, ọmọ rẹ̀ di èjìká rẹ̀ mú, ó ń kọ́ bí a ṣe ń dìde dúró. Mo na ìka sí ọmọ náà, mo sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní fi ẹsẹ̀ ara rẹ tẹ ilẹ̀ yìí." Obìnrin náà fa ọmọ mọ́ àyà. Kò sí ẹni tó wúkọ́. Inú mi dùn.

Kò pẹ́ rárá tí atẹ́gùn fi dé. Ó ya aṣọ ìkélé, ó ti àtùpà gáàsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fún ní afẹ́fẹ́ ṣubú, òjò sì tẹ̀lé e. Gbogbo ènìyàn fọ́nká, a kó ẹrù ju sínú lọ́rì. Dúdú ojú mi ń ṣàn sí mi lẹ́nu, Jóẹ́lì sì ní ọ̀run fúnra rẹ̀ ti wẹjú Ọ̀tún. A rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní kí a padà wá ní Sátidé láti parí eré náà. Ṣùgbọ́n ìlú míì ti pè wá fún Sátidé yẹn, àwa ọ̀dọ́ sì bẹ̀ wọ́n pé a óò lọ bó bá yá. Wọ́n gbà fún wa, ó sì di ọ̀sẹ̀ kẹta tí a kò lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta yìí, àgbẹ̀ kan gun kẹ̀kẹ́ wá sí ìsọ̀ bàbá mi ní àárọ̀ kùtù. Ọláníyì lorúkọ rẹ̀, ó jù mí lọ dáadáa, ará Awo ni. Ó kí bàbá mi tán, ó bèèrè Sámúẹ́lì tó ń ṣe Ọ̀tún. Èmi ti mú sísọ́ọ̀sì dání, mo rò pé ìjà dé. Kò wá jà. Ó ní ọmọbìnrin òun ni èéyi ń bá jà, pé ó ti yọ síta ṣùgbọ́n ó ti wọ̀ ọ́ láyà, kò mu ọmú mọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo lójú ẹsẹ̀. Ìyá ọmọ, Àbẹ̀kẹ́, ló kọ̀. Méjì ló ti sin ṣáájú èyí. Ó ní kò sí abẹ́rẹ́ tó ń ran ọ̀rọ̀ tí wọn kò tíì kó padà, òun kò sì ní gbé ọmọ náà kọjá ìloro àfi bí ẹni tó sọ ọ́ bá wá kó o.

"Èmi mọ̀ pé eré ni," ni Ọláníyì wí. "Ìyá ọmọ ni kò mọ̀. N kò wá bá yín jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wẹjú."

Ìyá mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní n kò ní lọ, pé bí ọmọ náà bá kú níṣojú mi, èmi ni wọ́n á sọ pé ó pa á, ta ni yóò sì jẹ́rìí mi. Èmi náà ń sọ nínú ọkàn mi pé èéyi ti mú ọmọ tó pọ̀ lọ́dún náà, n kò sì gégùn-ún fún gbogbo wọn. Ẹ̀rù bà mí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní: nínú ẹ̀rù yẹn, inú mi dùn díẹ̀ pé eré mi lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ojú ara mi tì mí. Ọ̀gá, tí ilé wọn kò jìnnà, ni bàbá mi ránṣẹ́ pè. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n yíjú sí ìyá mi, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n wá kọjú sí mi.

"Eré tí a kò parí ló wà nílẹ̀ ní Awo," ni wọ́n wí. "Dìde ká lọ parí ẹ̀."

Ìyá mi yà fún wa. Mo wẹ̀, mo wọ bùbá funfun gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń lọ tọrọ àforíjì, a sì gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé Ọláníyì.

Nígbà tí a débẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n. Obìnrin náà jókòó sórí ẹní, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, èémí ọmọ náà ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo dárúkọ ara mi, mo dárúkọ bàbá mi, mo ní mo wá kó ọ̀rọ̀ mi padà. Ó wò mí, ó wò mí. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé ta nìyí. Ọláníyì ní òṣèré náà ni.

"N kò mọ eléyìí," ni Àbẹ̀kẹ́ wí. "Eléyìí kọ́ ló bú ọmọ mi. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ni kó wá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Mo tún dárúkọ. Ó gbójú kúrò lára mi. Ọláníyì fara ti ògiri, ó fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wẹjú láti fi hàn pé èmi kọ́ ni Ọ̀tún, ọjọ́ tó yẹ kí n jẹ́ Ọ̀tún ni mo wá wẹ̀ wá. Mo wo Ọ̀gá. Wọ́n ti ṣí fìlà, ibi ààrò ni wọ́n ń wò.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti kun ojú mi. Ìkòkò ọbẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n dojú rẹ̀ dé tí wọ́n fi ń ha dúdú, àdí ọmọ náà ni wọ́n fi pò ó. Kò sí ẹfun, eérú ni wọ́n lò. Agbádá Ọláníyì ni mo wọ̀. Ọ̀gá rọra sọ fún mi pé n kò gbọdọ̀ ṣe é ní ìlàjì nítorí àánú. Bí n kò bá jẹ́ Ọ̀tún délẹ̀délẹ̀, ìwẹjú náà kò ní ṣiṣẹ́ kankan. Mo bá yípo, mo gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó fi gbogbo ara bò ó. Ó ní, "Òun nìyí."

Mo ṣe ìparí eré náà nínú yàrá yẹn, fún ẹnì kan ṣoṣo. Kò sí Jóẹ́lì, kò sí akọrin. Ọ̀gá ló ń kọ orin gbogbo wọn lábẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ohùn àgbà. Mo ti sọ fún yín pé Ọ̀tún kò mọ̀ pé ìkà lòun. Ọjọ́ yẹn ló mọ̀. Mo kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá kọ fún mi láti sọ níbẹ̀ fò lọ lórí mi, mo sì ní láti fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ, mo kó o. Ẹnu mi ló ti jáde, ẹnu mi ló padà sí. Wàá fi ẹsẹ̀ ara rẹ tẹ ilẹ̀ yìí, wàá sì rìn lórí rẹ̀ pẹ́."

Mo tọrọ omi. Ọláníyì fẹ́ lọ gbé abọ́, ìyàwó rẹ̀ ní kó fi sílẹ̀. Ó tẹ́ ọmọ sórí ẹní, ó bu omi nínú àmù, ó sì gbé e dání níwájú mi. Mo fi ọṣẹ wẹ̀, mo ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, títí omi abọ́ fi dúdú. Mo gbójú sókè. Mo ní èmi ni Sámúẹ́lì, ọmọ Oyèníran aránṣọ, ará Ẹdẹ. Ó wò mí láti iwájú orí dé àgbọ̀n, bí ẹni tó ń wá ibi tí aṣọ ti ya.

"Ṣé ẹ̀yin ni mo ní n kò mọ̀ lẹ́ẹ̀kan?"

Mo ní èmi náà ni. Ó jáde lọ da omi náà nù lẹ́yìn ilé. Ó padà wọlé, ó pọn ọmọ, ó sì bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló ń dúró dè, kẹ̀kẹ́ dà.

N kò ní sọ fún yín pé ìwẹjú ló wo ọmọ náà sàn. Àwọn dókítà ní Òṣogbo ni, wọ́n sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ìwẹjú ṣe ni pé ó ṣí ilẹ̀kùn. Mórẹ́nikẹ́ lorúkọ ọmọ náà; ó yè é, àmọ́ etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn mọ́. Mo máa ń ronú pé bóyá ká ní a ti padà lọ ní Sátidé yẹn, wọn ìbá tètè gbé e lọ, etí náà kì bá tí lọ.

Láti ìgbà náà, n kò tẹ ojú mọ́ ẹnì kan lórí ìtàgé mọ́, a sì ń gbé àmù omi dání nínú lọ́rì. Lọ́dún yẹn gan-an Jóẹ́lì ríṣẹ́ sí Ìbàdàn, Ọ̀gá sì ní kí n wá ṣe ọba. Mo ní rárá, ẹ ṣé, sà. Wọ́n kò bi mí ní ìdí.

Nǹkan ń yí padà. Iná mànàmáná dé, ó sì ń fi bí dúdú ìkòkò ṣe rí gan-an hàn, a bẹ̀rẹ̀ sí í ra àtíkè inú agolo. Gbohùngbohùn dé, ẹni tí kò kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ dé abẹ́ igi máńgòrò sì di òṣèré. Àwọn onítẹlifíṣọ̀n pè mí sí Ìbàdàn, wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín kà-kà-kà, wọ́n ní kò sí àyè fún ìwẹjú. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, mo padà sílé. Mo bá ẹgbẹ́ méjì míì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí Ọ̀gá dàgbà, títí orúnkún mi fi ní ó tó. Kò sí ohun ìròyìn púpọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ ni ọjọ́ tí Awo tún pè wá. Òmìnira ti dé nígbà náà. Láti ọjọ́ òjò yẹn, wọn kò pè wá rí, a kò sì bi wọ́n. Eré Ọ̀tún kan náà ni wọ́n ní àwọn fẹ́, ní pápá kan náà. Ọ̀gá ti darúgbó, wọ́n gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé fún wọn, fìlà wà lórí itan. A ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òjò kò rọ̀. Mo gégùn-ún, mo kó o padà, wọ́n gbé àpótí jáde. Mo dúró de ẹni tí yóò gbé omi wá.

Ọmọbìnrin kan dìde lórí ẹní iwájú. Ó tó bí ọmọ ọdún méje. Abọ́ náà tóbi jù ú lọ, omi ń ta sí i lẹ́sẹ̀ bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn, ó sì ń wo ibi tó ń tẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mo mọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí ẹní, tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Pápá náà dákẹ́. Èmi tí mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ jù nínú ayé, n kò mọ ohun tí n óò fi ti ọjọ́ yẹn ṣe. Omijé ti ń ṣáájú omi abọ́ lójú mi. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ òun lè tó mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì wẹ̀.

Mo dárúkọ ara mi bí mo ṣe máa ń dárúkọ, ṣùgbọ́n ohùn mi kò jáde dáadáa. Ọmọ náà yí orí, ó gbé etí kejì tó ń gbọ́ràn sún mọ́ mi.

"Ta ni?" ló wí.

Ọ̀gá ká fìlà wọn sókè láti orí àga. Mo bá tún un sọ.